Páswọ́ọ̀dù Kejì

Ẹ yí ráútà ilé yín padà, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Bébà pélébé kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Ẹ ó rí orúkọ Wi-Fi àti páswọ́ọ̀dù rẹ̀ lára bébà náà. Èyí ni tèwe tàgbà ilé mọ̀, òun náà sì ni àlejò máa ń béèrè kó tó mu omi. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ó tún rí nọ́ńbà kan bíi 192.168.0.1, 192.168.1.1 tàbí 192.168.8.1, orúkọ kan tó sábà máa ń jẹ́ admin, àti páswọ́ọ̀dù mìíràn. Ní ọ̀pọ̀ ilé, láti ọjọ́ tí ẹni tó wá so ráútà náà ti lọ, kò sẹ́ni tó tún fọwọ́ kan páswọ́ọ̀dù kejì yìí mọ́. Òun gan-an sì lọ̀gá.

Páswọ́ọ̀dù Wi-Fi dà bíi kọ́kọ́rọ́ géètì: ẹni tó bá ní i lọ́wọ́ lè wọ inú ọgbà. Páswọ́ọ̀dù admin ni kọ́kọ́rọ́ yàrá tí ìwé ilẹ̀ wà: ẹni tó bá ní i lọ́wọ́ lè pààrọ̀ géètì fúnra rẹ̀, kó sì ti onílé mọ́ ìta. Àwọn tó ń ṣọ́ géètì pọ̀ láàrin wa. Wọ́n ń pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù Wi-Fi lemọ́lemọ́ nítorí ọmọ aládùúgbò tó ń fi wo bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n olè tó burú jù kò gbé ládùúgbò, kò sì fẹ́ dátà yín rárá.

Ibi tí ráútà yóò jókòó sí

Ká tó dé ọ̀rọ̀ olè, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá ààyè fún ráútà, torí nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí à ń rò mọ́ àwọn tó ń ta dátà lẹ́sẹ̀, ògiri ilé wa ló jẹ̀bi.

Ráútà ń gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé láti ara wáyà fáíbà, láti ara síìmù, tàbí láti ara àwo orí òrùlé bíi ti Starlink, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù Kìíní ọdún 2023. Ó gba ohun kan wọlé, ó sì pín in fún gbogbo ilé. Òun ló ń fún fóònù, tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, tó sì ń rántí ẹni tó béèrè kí ni, kí fídíò tí ìyá àgbà ń dúró dè má baà lọ já sórí fóònù ọmọ-ọmọ rẹ̀. Orí ìgbì rédíò ló ti ń bá wọn sọ̀rọ̀, oríṣi méjì ni ìgbì náà sì máa ń jẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ráútà òde òní. Èyí tí wọ́n ń pè ní 2.4 GHz ń mì ní ìgbà bílíọ̀nù 2 àti mílíọ̀nù 400 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, gígùn ìgbì rẹ̀ sì tó sẹ̀ǹtímítà 12. Ìgbì ti 5 GHz ń mì ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ìyẹn, gígùn rẹ̀ kò sì ju bíi sẹ̀ǹtímítà 6 lọ. Ìgbì gígùn máa ń la ògiri kọjá dáadáa, àmọ́ kò lè gbé ẹrù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èrò sì pọ̀ lójú ọ̀nà rẹ̀. Ìgbì kúkúrú ń gbé ẹrù púpọ̀, ṣùgbọ́n ògiri máa ń dá a dúró. Nínú ilé tí a fi blọ́kù ínǹṣì 9 kọ́, tí ọ̀pá irin kún inú dẹ́kìn rẹ̀, ẹ má ṣe retí kí 5 GHz ní okun púpọ̀ lẹ́yìn ògiri kejì.

Àárín ilé ló yẹ kí ráútà wà, níbi tó ga díẹ̀, tí nǹkan kan kò bò ó. Irin máa ń dá ìgbì padà, omi máa ń gbé e mì. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, orí fíríìjì, ẹ̀gbẹ́ dígí ńlá àti ìtòsí táǹkì omi kò fi dára fún un. Ẹ̀rọ tí a fi ń gbé oúnjẹ gbóná, máíkíróweefù, náà ń ṣiṣẹ́ lórí 2.45 GHz, nítorí náà bí fídíò yín bá ń dúró ní gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá ń gbé ọbẹ̀ gbóná, ẹ gbé fóònù yín sórí 5 GHz. Ráútà tó ń lo síìmù nìkan ló yàtọ̀: ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ohùn òpó ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì tó wà níta, nítorí náà ẹ gbé e sẹ́bàá fèrèsé tó dojú kọ òpó náà.

Àwọn tó ń gbé fúláàtì l’Ékòó, níbi tí ráútà ogún ti ń sọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tún ní ìṣòro mìíràn. Ojú ọ̀nà 2.4 GHz pín sí ìlà ìlà tí wọ́n ń pè ní ṣánẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n 1, 6 àti 11 nìkan ni kì í gun orí ara wọn. Ẹ mú ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí, kí ẹ sì wo èyí tí fídíò ti ń yára jù. Ní ti iná, púpọ̀ nínú ráútà ilé ń lo fóòtì 12, wọn kì í sì jẹ iná tó pọ̀. Bátìrì kékeré tí wọ́n ń tà fún un lè gbé e fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí NEPA bá mú iná lọ. Ẹ ṣáà má ki ṣájà kọ̀ǹpútà bọ̀ ọ́ nítorí pé ẹnu rẹ̀ wọlé. Ẹ ka nọ́ńbà fóòtì tó wà lára méjèèjì.

Nọ́ńbà fóònù kì í ṣe páswọ́ọ̀dù

Ní ìlú wa, ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù Wi-Fi sábà máa ń fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i. Ó rọrùn láti rántí, ó sì gùn: nọ́ńbà 11. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe lágbára tó.

Nígbà tí fóònù bá fẹ́ wọ Wi-Fi, òun àti ráútà máa ń fi iṣẹ́ mẹ́rin ránṣẹ́ sí ara wọn, láti fi hàn pé àwọn méjèèjì mọ páswọ́ọ̀dù, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é síta. Ẹni tó jókòó sínú mọ́tò lójú títì lè fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ gba iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí sílẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́. Ó ti parí nìyẹn. Ó lè gbé e lọ sílé rẹ̀, kó máa méfò páswọ́ọ̀dù kan tẹ̀lé òmíràn, kó máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wé ohun tó gbà sílẹ̀. Ráútà yín kò ní mọ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò lé e dànù lẹ́yìn tó bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọn tó ṣe òfin Wi-Fi mọ èyí, wọ́n sì fi ìṣirò ìgbà 4,096 dínà fún ìméfò kọ̀ọ̀kan kí ó lè falẹ̀. Síbẹ̀, káàdì kan ṣoṣo nínú irú èyí tí àwọn tó ń gbá géèmù orí kọ̀ǹpútà ń lò lè dán páswọ́ọ̀dù tó lé ní mílíọ̀nù kan wò láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Nínú nọ́ńbà fóònù 11, gbogbo ayé mọ mẹ́rin àkọ́kọ́: 0803, 0805, 0802 àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Méje ló kù, ìyẹn mílíọ̀nù 10 péré. Ìṣẹ́jú àáyá 10 ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan bíi 0803. Gbogbo 080, 081, 070, 090 àti 091 tó wà ní Nàìjíríà kò lè gbà á ju ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá lọ. Ọjọ́ ìbí tí a kọ ní nọ́ńbà 8 tilẹ̀ burú ju ìyẹn lọ, nítorí pé gbogbo nọ́ńbà 8 tó lè wà láyé jẹ́ mílíọ̀nù 100: ìṣẹ́jú àáyá 100. Bí ẹ bá lo lẹ́tà kéékèèké 8 tí kò nítumọ̀, iye rẹ̀ á di bílíọ̀nù 208, á sì gbà á ní nǹkan bí ọjọ́ méjì àbọ̀. Lẹ́tà 12 ńkọ́? Ó lé ní ọdún 3,000. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi kún un ń sọ iṣẹ́ olè di ìlọ́po 26, nítorí náà gígùn ló ń dáàbò bo páswọ́ọ̀dù ju àmì ìyanu àti àmì ìbéèrè tí a ń ki bọ̀ ọ́ lọ.

Kò sẹ́ni tó lè há lẹ́tà 12 tí kò nítumọ̀ sórí, kò sì sídìí fún un. Ẹ mú ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bá ara wọn tan, kí ẹ kọ wọ́n láìfi àmì ohùn sí i: ataare-keke-orogbo-satide. Ẹ má lo èyí o, mo ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Ẹ má sì lo òwe, ẹsẹ Sáàmù tàbí oríkì ìdílé yín. Àwọn olè máa ń da odidi ìwé sínú àkójọ ìméfò wọn, ohun tí gbogbo èèyàn lè kà lórí kò sì yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lójú wọn.

Ẹ ó tún rí ibi tí ráútà ti ní kí ẹ yan irú ààbò tí ẹ fẹ́. WEP tó jáde ní ọdún 1997 ló dàgbà jù. Ní ọdún 2001, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Scott Fluhrer, Itsik Mantin àti Adi Shamir, fi hàn pé àléébù wà ní ìpìlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó di 2007, àwọn onímọ̀ kan ní Darmstadt ní Jámánì ń já a láàrin ìṣẹ́jú kan. Àárín ọdún wọ̀nyẹn ni àwọn olè gba ara Wi-Fi tó ń lo WEP ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Minnesota wọ inú kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ TJX ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì kó nọ́ńbà káàdì báńkì tó lé ní mílíọ̀nù 45. WPA jáde ní 2003 láti fi dí ihò náà, WPA2 tẹ̀lé e ní 2004, WPA3 dé ní 2018. Ohun tó mú kí WPA3 dára ni pé kò sí iṣẹ́ tí olè lè gbà sílẹ̀ lọ méfò nílé mọ́. Iwájú ráútà gan-an ló gbọ́dọ̀ ti máa méfò, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí fóònù ilé yín bá gbà á, WPA3 ni kí ẹ mú. Bí àwọn kan bá ti pẹ́ jù, ẹ mú àdàpọ̀ WPA2 àti WPA3. Ráútà tí kò mọ̀ ju WEP lọ, ààtàn ló yẹ ẹ́.

Ẹ pa WPS náà. Òun ni bọ́tìnnì tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ wọ Wi-Fi láìtẹ páswọ́ọ̀dù. Nọ́ńbà 8 ló wà lẹ́yìn rẹ̀, èèyàn á sì rò pé olè ní láti dán mílíọ̀nù 100 wò. Ní òpin ọdún 2011, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Stefan Viehböck ṣàlàyé pé ráútà máa ń fìdí nọ́ńbà mẹ́rin àkọ́kọ́ múlẹ̀ lọ́tọ̀, àti pé inú àwọn tó ṣáájú ni wọ́n ti ń ṣírò nọ́ńbà tó kẹ́yìn. Mílíọ̀nù 100 já sí 11,000.

Ní ti àwọn tó ń fi orúkọ Wi-Fi wọn pamọ́, wàhálà lásán ni: ẹ̀rọ olè ń rí i bó ti wù kí wọ́n fi pamọ́ tó. Ohun tó ṣe pàtàkì nípa orúkọ ni pé kó má sọ nọ́ńbà ilé yín, kó má sì sọ irú ráútà tí ẹ ń lò. Ẹni tó sọ tirẹ̀ ní «Ẹ Ra Tiyín» kò ṣe ohun tó burú.

Olè tí kò gbé ládùúgbò

Ní ọdún 2016, àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta kan ní Amẹ́ríkà kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tí a mọ̀ sí Mirai. Kò sí ọgbọ́n àrà nínú rẹ̀. Ó ń rìn káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń kan ilẹ̀kùn ráútà àti kámẹ́rà ààbò, ó sì ń dán orúkọ àti páswọ́ọ̀dù tí ilé iṣẹ́ fi sí wọn wò: admin àti admin, root àti 12345, àti àwọn irú wọn tó lé díẹ̀ ní 60. Àkójọ tí ọmọdé lè há sórí yìí tó láti sọ nǹkan bí ẹ̀rọ 600,000 di ẹrú. Àwọn tó ni ín tú u síta, ẹnikẹ́ni tó fẹ́ sì ń lò ó. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n fi kọlu Dyn, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́ka ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì, Twitter àti Netflix sì di ohun tí ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà kò lè ṣí. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ̀yà Mirai mìíràn kọlu ráútà àwọn oníbàárà Deutsche Telekom ní Jámánì. Nǹkan bí ilé 900,000 ni íntánẹ́ẹ̀tì wọn dàrú.

Ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó jẹ́wọ́ iṣẹ́ Jámánì yìí tún ti gba owó lọ́wọ́ ọ̀gá kan ní ilé iṣẹ́ fóònù kan ní Liberia, láti fi Mirai da Lonestar láàmú, ilé iṣẹ́ MTN ní orílẹ̀-èdè náà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, ilé ẹjọ́ kan ní London rán an lẹ́wọ̀n ọdún 2 àti oṣù 8. Iwọ̀ oòrùn Áfíríkà nìyẹn, kò jìnnà sí wa, ẹ̀rọ inú ilé onílé sì ni wọ́n fi jà á. Àwọn tó ni àwọn ẹ̀rọ náà kò mọ nǹkan kan. Bóyá wọ́n kàn ń sọ pé nẹ́tíwọọ̀kì falẹ̀ lóde òní ni.

Nítorí irú èyí, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 2024, pé kò gbọdọ̀ sí ilé iṣẹ́ tí yóò tún ta ráútà tàbí kámẹ́rà fún ará ilé pẹ̀lú páswọ́ọ̀dù kan náà fún gbogbo wọn. Àwọn ìbátan wa ní Peckham ní London ń jẹ àǹfààní òfin yẹn. Lójú tèmi, ó yẹ kí tiwa náà dé. Kó tó dé, ọwọ́ olúkúlùkù ló wà.

Iṣẹ́ náà kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí fóònù yín wà lórí Wi-Fi ilé, kí ẹ tẹ nọ́ńbà tó wà nídìí ráútà síbi tí a ń kọ orúkọ ojúlé sí lókè. Kò ní jẹ dátà, nítorí pé inú ilé ni ìbéèrè náà parí sí. Ẹ fi admin àti páswọ́ọ̀dù ara bébà wọlé, kí ẹ wá ibi tí a ti ń pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù, kí ẹ fi tuntun síbẹ̀ tó yàtọ̀ pátápátá sí ti Wi-Fi. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń ní kí a má kọ páswọ́ọ̀dù sílẹ̀. Ti ráútà ilé kò sí nínú rẹ̀. Olè tó wà lókè òkun kò lè ka ohun tó wà nínú àpótí yín. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ remote management tàbí remote access, kí ẹ sì pa á. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí a lè ṣí ojú ewé yìí láti ìta ilé, èyí tí ọ̀pọ̀ ìdílé kò nílò.

Páswọ́ọ̀dù tó dára nìkan kò tó, ọ̀rọ̀ Brazil sì ni ẹ̀rí. Láàrin ọdún 2011 sí 2012, àwọn olè rí àléébù kan nínú oríṣi módẹ́ẹ̀mù tó ń ṣe iṣẹ́ ráútà, tó wọ́pọ̀ nínú ilé níbẹ̀. Àléébù náà ń jẹ́ kí wọ́n gba páswọ́ọ̀dù admin láti òkèèrè, bó ti wù kó le tó. Wọn kò jí dátà. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n yí padà: DNS, ìyẹn ibi tí ráútà ti máa ń béèrè pé nọ́ńbà wo ni google.com ń gbé. Wọ́n ní kó máa wá béèrè lọ́wọ́ àwọn. Láti ìgbà náà, èèyàn lè tẹ orúkọ báńkì rẹ̀ láìṣì lẹ́tà kan, kó sì bọ́ sí ojúlé ayédèrú. Kò sí áńtífáírọ́ọ̀sì tó lè rí i lórí kọ̀ǹpútà, nítorí pé ara kọ̀ǹpútà kọ́ ni àìsàn wà. Módẹ́ẹ̀mù mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀ ni wọ́n bá báyìí. Àtúnṣe láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ nìkan ló lè dí irú ihò bẹ́ẹ̀. Ní ojú ewé admin kan náà, ẹ wá firmware update tàbí software update, kí ẹ ní kó máa ṣe é fúnra rẹ̀. Bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù, nígbà tí ẹ bá ra dátà tuntun.

Àlejò ńkọ́? A kò lè ní kí ọmọ ìyá ẹni tó ti Abẹ́òkúta wá má lo Wi-Fi. Ẹ ṣí guest network nínú ráútà yín, kí ẹ fún un ní páswọ́ọ̀dù tirẹ̀. Àlejò á wọ íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kò ní rí kọ̀ǹpútà àti fáìlì ilé, ẹ sì lè pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù náà lẹ́yìn àríyá láìda ẹnikẹ́ni nínú ilé láàmú. Tẹlifíṣọ̀n, kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà àti gílóòbù tí a ń fi fóònù tàn, ọ̀dọ̀ àlejò ni kí àwọn náà máa gbé. Àwọn tó ṣe wọ́n kì í sábà rántí wọn mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba owó.

Ẹni tó bá ra ráútà tòkunbọ̀ ní Computer Village n’Íkẹjà, kó fi abẹ́rẹ́ tẹ bọ́tìnnì reset kó tó lò ó, títí gbogbo iná rẹ̀ yóò fi kú tí yóò sì tún tàn. A kò mọ ohun tí ẹni àkọ́kọ́ fi sínú rẹ̀. Kẹ́ni tó ń tà náà ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó yọ ọwọ́. Ẹ sì béèrè bóyá ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣì ń ṣe àtúnṣe fún un. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, FBI ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé àwọn ọ̀daràn ń wọ inú ráútà àtijọ́ tí kò ní àtúnṣe mọ́, wọ́n sì ń ta ọ̀nà inú rẹ̀ fún ẹlòmíràn, tó fi jẹ́ pé ìwà ọ̀daràn tí wọ́n bá hù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àdírẹ́sì onílé ni yóò hàn. Ráútà tó ti dé ìpele yẹn kì í ṣe ohun tí a ń kó fún àbúrò lábúlé. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ẹ ra òmíràn.